Ta Ní Í Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Pa Iná?

"Níbo la dé, Ìmísí?"

"Ẹ ní sùúrù díẹ̀, Bàbá. Kọ̀ǹpútà ti tún dákú."

Tíṣà Fákúnlé fẹ̀yìn ti àga. Ó gbé ọwọ́ lé itan, ó kọjú síbi tí ohùn ọmọ rẹ̀ ti ń wá. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ó ń wò ó. Kò rí i. Àìsàn àtọ̀gbẹ ti gba ojú rẹ̀ méjèèjì láti ọdún tó kọjá. Ohun tó kù fún un ni etí tó fi ń gbọ́ràn, ẹnu tó fi ń sọ̀rọ̀, àti orúkọ ewé tó kún inú orí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ewé yìí ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ kí n tó máa bá ìtàn lọ. Ọmọ bíbí Ifẹ̀ ni Tíṣà. Bàólọ́jì ló fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ girama. Bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi, oko ló ń lọ. Á máa bi àwọn àgbẹ̀ pé kí ni wọ́n ń pe ewé yìí, kí ni wọ́n ń pe igi yẹn, kí sì ni àwọn bàbá wọn ń pè é. Àwọn àgbẹ̀ á rẹ́rìn-ín pé tíṣà tó kàwé tó báyìí kò mọ ewé, ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ fún un. Púpọ̀ nínú wọn ti kú, inú orí Tíṣà nìkan ni ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì kù sí. Ó ti kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé nígbà kan. Àsìkò tí ó wà ní ilé ìwòsàn ni ikán ráyè wọ yàrá, ìgbà tí wọn yóò sì fi gbé e padà wálé, ìwé ti di iyẹ̀pẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ tí wọ́n ti di olùkọ́ ní yunifásítì fi kọ̀ǹpútà ta á lọ́rẹ, inú rẹ̀ dùn bíi ti ọmọdé.

"Mo fẹ́ rí ikán tí yóò jẹ irin," ó sọ bẹ́ẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín.

Bí òun àti Ìmísí ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn. Ìmísí nìkan ni ọmọ tó bí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Tí ó bá ti ilé-ìwé dé, tí ó jẹun tán, yóò jókòó sídìí kọ̀ǹpútà nínú yàrá bàbá rẹ̀ ní Òkè-Ogbó. Bàbá á máa pè é, òun á máa tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá parí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, yóò dà á kọ sórí díísìkì kékeré méjì tí ó wà nínú dúrọ́ọ̀, nítorí Tíṣà kò fẹ́ kí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwé tún ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ yìí.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1999 ló fẹ́ dá iṣẹ́ dúró. Yàrá gbóná, òrùlé páànù ń ta ooru sísàlẹ̀, kọ̀ǹpútà náà kò sì lè fara dà á. Wọn á tẹ̀ díẹ̀, ojú rẹ̀ á dúró gbagidi, wọn á pa á, wọn á dúró kí ó tutù. Nígbà tí yóò bá fi jí, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu Tíṣà.

Ìmísí ní ọ̀rẹ́ kan ní kíláàsì tí ń jẹ́ Adésọjí. Ẹ̀gbọ́n Adésọjí ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, nítorí náà Adésọjí gbà pé òun náà ti kọ́ ọ tán. Òun ló wá tú ìdérí kọ̀ǹpútà náà ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, tó fi ìka tọ́ka sí inú rẹ̀.

"Ọpọlọ rẹ̀ ló ń gbóná, sà. Prósẹ́sọ̀ ni wọ́n ń pè é. Fáànù kékeré tó wà lórí rẹ̀ yìí ti rẹ̀, kò lè fẹ́ ẹ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ka ìwé òyìnbó kan pé àwọn kan ti ń fi omi tu tiwọn lára."

"Omi kẹ̀?" Tíṣà jókòó dáadáa. "Nínú kọ̀ǹpútà?"

"Omi ò ní kan kọ̀ǹpútà, sà. Inú rọ́bà ló máa wà. Bí omi redietọ̀ ṣe ń gba ooru lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ni."

Ojú Tíṣà kò ríran, ṣùgbọ́n gbogbo ojú rẹ̀ tàn. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kì í fẹ̀yìn tì nínú ọkàn rẹ̀. "Pọ́ǹpù àpótí ẹja tí mo ń lò ní ilé-ìwé wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì," ó ní. "Ẹ wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́."

Nígbà tí Ìmísí sin Adésọjí dé ẹnu ọ̀nà, Adésọjí sọ èyí tí kò sọ níwájú àgbàlagbà. "Tí ó bá ti tutù, a lè mú kí ó máa sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní géèmù kan, eré ìje mọ́tò. Kọ̀ǹpútà lásán ò lè gbé e. Tiyín á gbé e. Gbogbo kíláàsì ló máa wá sílé yín."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìmísí lára. Àìsàn kì í mú ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé. Láti ìgbà tí ojú bàbá rẹ̀ ti fọ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò yà mọ́. Wọn kò mọ bí wọ́n ṣe máa kí afọ́jú, wọn kò sì mọ ohun tí wọn yóò sọ fún ọmọ rẹ̀. Ìmísí fẹ́ gbọ́ ẹ̀rín nínú ilé wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ má fi èyí dá a lẹ́bi.

Wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Àyànlọ́wọ̀, ẹni tó ń tún fìríìjì ṣe lọ́nà Enuwa, ló bá wọn jó páìpù bàbà pupa mọ́ ara bàbà pẹlẹbẹ kan tí wọn yóò gbé lé orí prósẹ́sọ̀ náà. Wọ́n rí redietọ̀ kékeré kan lára ọkọ̀ tó ti kú sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Wọ́n to redietọ̀, pọ́ǹpù àti fáànù sínú ike kan ṣoṣo kí gbogbo rẹ̀ lè wà lójú kan, rọ́bà méjì péré ló jáde lára rẹ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà. Wọ́n gbé e fún Tíṣà kí ó fi ọwọ́ wò ó. Ó fi ìka tọ gbogbo ara rẹ̀, láti oríkèé dé oríkèé, bí ìyá ìkókó ṣe ń wo ọmọ tuntun.

"Ẹ káre," ó wí. "Ṣùgbọ́n ohun tuntun, a kọ́kọ́ ń fìyà jẹ ẹ́ ná kí a tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kí omi yí nínú rẹ̀ lórí tábìlì láti àárọ̀ di alẹ́, kí ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn sábẹ́ rẹ̀. Bí ìwé bá tutù, ẹ ti mọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ máa fọwọ́ kàn án bóyá ó ń gbóná. Tí èyí bá yege, ẹ fọwọ́ ara yín pa iná ìjọba níbi mítà, kí ẹ tan jẹnẹrétọ̀, kí ẹ jókòó tì í, kí ẹ wo ohun tí yóò ṣe. Ìgbà tí iná bá ń yí padà ni nǹkan máa ń bàjẹ́ nílé yìí. Ẹ kò gbọdọ̀ fo ìyẹn."

"A ti gbọ́, sà," Adésọjí dáhùn.

Wọ́n ṣe ti àkọ́kọ́, ìwé ìròyìn gbẹ fúrúfúrú. Wọ́n ṣe ti èkejì, bàbà náà kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán ni. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe ti ẹ̀kẹta, Tíṣà àti ìyàwó rẹ̀, Yéjídé, ti lọ rí dókítà. Iná kò sí ládùúgbò láti ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n dúró dè é, nítorí inú iná ìjọba ló yẹ kí ìdánwò náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó ṣe kù díẹ̀ kí wọ́n sọ̀rètí nù ni iná dé. Àwọn ọmọdé hó gèè kárí àdúgbò, rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nínú ilé tó múlé tì wọ́n. Wọ́n tan kọ̀ǹpútà. Pọ́ǹpù ń kùn, omi ń yí.

Ìmísí dìde pé kí òun lọ síbi mítà.

"Níbo lò ń lọ?" Adésọjí bi í.

"Kí n lọ pa iná. Bàbá ní ká dán an wò pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀."

Adésọjí wò ó bí ẹni wo wèrè. "Iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé? Ìmísí, ta ní í fọwọ́ ara rẹ̀ pa iná? Bí wọ́n bá wá mú un lọ lóòótọ́ kí a tó tan tiwa padà ńkọ́? Ó ti yege méjì. Iná jẹnẹrétọ̀ àti iná ìjọba, ṣé kì í ṣe iná náà ni? Jẹ́ kí n sáré lọ gba géèmù yẹn lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Fún mi ní díísìkì tí mo máa fi gbà á."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí Ìmísí. Ẹni tí kò bá gbé ìlú yìí rí ni kò ní yé. Iná tí a ń retí bí àlejò pàtàkì, ta ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ lé e lọ? Ó padà jókòó. Díísìkì méjì péré ló wà nílé, àwọn tí iṣẹ́ bàbá rẹ̀ wà lórí wọn. Ó di wọ́n mú díẹ̀.

"Iṣẹ́ Bàbá wà lórí rẹ̀."

"Ó ṣáà wà nínú kọ̀ǹpútà náà. A ó dà á kọ padà sí i lọ́la."

Ó fún un. Adésọjí dé kí ilẹ̀ tó ṣú, géèmù wọlé, ọkọ̀ pupa ń sáré lójú kọ̀ǹpútà bí ẹni pé kò ní bíréèkì. Inú Ìmísí dùn gan-an lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí wọ́n ti ọ̀dọ̀ dókítà dé, Tíṣà kò tíì bọ́ bàtà tó fi béèrè. "Ìmísí, ṣé ẹ dán an wò?"

"A dán an wò, Bàbá."

"Pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀?"

Ìmísí wo ojú bàbá rẹ̀. Ojú náà wà ní ṣíṣí, ó kọjú sí i, kò sì rí nǹkan kan. Ká ní ó ríran ni, bóyá Ìmísí kì bá tí lè sọ ohun tó sọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀."

"O ṣeun, ọmọ mi." Ó sì na ọwọ́ sí i kí ó fa òun lọ síbi àga.

Fún ìgbà díẹ̀, gbogbo nǹkan dára. Kọ̀ǹpútà kò dákú mọ́. Tíṣà fẹ́ràn ìró pọ́ǹpù náà, ó ní ó dà bí odò kékeré tó ń ṣàn lẹ́yìn ilé bàbá òun. Àwọn ọmọ kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í wá, ẹ̀rín padà sínú ilé. Ṣùgbọ́n bí Tíṣà bá ń pe orúkọ ewé, eré ìje mọ́tò ni ọkàn Ìmísí ń bá lọ. Ìka rẹ̀ ń tẹ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́, kò sí èyí tó dúró nínú rẹ̀. Á sọ pé, "Bàbá, ó ti rẹ̀ mí," Bàbá á sọ pé kí ó sinmi, òun á sì dúró dìgbà tí bàbá bá kúrò ní yàrá kí ó tó tan géèmù. Ó ní lọ́la ni òun yóò dá iṣẹ́ padà sórí díísìkì. Ọ̀la náà kò dé. Epo sì wọ́n lásìkò náà, nítorí náà bí wọ́n bá mú iná lọ, UPS, àpótí bátìrì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á gbé kọ̀ǹpútà dúró fún ìgbà díẹ̀, wọn á pa á, iṣẹ́ á di ìgbà mìíràn. Kò sẹ́ni tó tan jẹnẹrétọ̀.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ Tíṣà wú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ̀rù ń ba òun, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í kánjú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ní kí Ìmísí jókòó. "Ewé ẹ̀bá odò nìkan ló kù," ó wí. "Mo fẹ́ parí wọn lónìí. Wọ́n wà lẹ́nu mi báyìí, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á wà níbẹ̀ lọ́la."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu Tíṣà geere, ó ti pẹ́ tí Ìmísí ti gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Àfi bí wọ́n ṣe mú iná lọ. UPS bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.

"Tan jẹnẹrétọ̀," Tíṣà wí.

Ìmísí dìde. Ó rántí. Ẹnu rẹ̀ ló kù kí ó là: Bàbá, a ò dán an wò. Gbólóhùn kan péré ni. Bí ó bá sọ ọ́, wọn á pa kọ̀ǹpútà, wọn á dúró de iná, Bàbá á bínú, yóò sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ ọ́ ti jẹ́wọ́ pé òun purọ́ fún bàbá òun. Ó wo ojú bàbá rẹ̀ tó ń dúró dè é.

"Ó dáa, Bàbá," ó ní, ó sì jáde lọ tan jẹnẹrétọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìdánwò ẹ̀kẹta yẹn ì bá ti fi hàn wọ́n. Ẹni tó fa wáyà jẹnẹrétọ̀ nínú ilé náà, sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀bá ilẹ̀kùn nìkan àti gílóòbù ló fà á sí nínú yàrá Tíṣà. Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà wà. Ṣùgbọ́n wáyà pọ́ǹpù kúrú, kò dé ẹ̀bá ilẹ̀kùn, nítorí náà sọ́kẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé ni wọ́n fi sí, iná jẹnẹrétọ̀ kò sì dé sọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Bí iná ìjọba bá lọ, kọ̀ǹpútà yóò máa ṣiṣẹ́, pọ́ǹpù yóò sì dákẹ́. Ká ní wọ́n ti fọwọ́ ara wọn pa iná lọ́jọ́ náà, kíákíá ni wọn ì bá ti rí i. Tíṣà tó mọ ìró pọ́ǹpù dáadáa kò lè mọ̀ pé ó ti dákẹ́, nítorí ariwo jẹnẹrétọ̀ lábẹ́ fèrèsé ti bo gbogbo rẹ̀.

Ìmísí padà jókòó. Gílóòbù tàn, ojú kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Tíṣà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Wọ́n ṣe é títí, wọ́n sì dé orí ewé tó kẹ́yìn.

"Èyí tó kù," Tíṣà wí, "ibi tí omi bá ti ń rin ilẹ̀ ló ń hù. Ewé rẹ̀ rí roboto, ẹ̀yìn rẹ̀ ní irun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò, àárọ̀ nìkan ló máa ń là. Bàbá àgbàlagbà kan ní oko ló sọ orúkọ rẹ̀ fún mi, kò sì sí ẹlòmíràn tí mo tún bi tó mọ̀ ọ́n. Ó ní àwọn ń pè é ní..."

Ó pe orúkọ náà. Ìmísí kò gbọ́. Lẹ́tà tó tẹ̀ kò jáde lójú kọ̀ǹpútà, ó tún un tẹ̀, kò jáde, ó ń tẹ bọ́tìnnì káàkiri, ibẹ̀ ni gbogbo ọkàn rẹ̀ wà.

"Ṣé o ti kọ ọ́?" Tíṣà bi í. Kí ó tó dáhùn, Tíṣà gbé imú sókè. "Ìmísí, òórùn kí ni mò ń gbọ́ yìí?"

Rọ́bà ni. Omi tí kò yí mọ́ ti hó lórí prósẹ́sọ̀, ó ti mú rọ́bà rọ̀ nídìí páìpù. Bí Ìmísí ṣe na ọwọ́ sí i ni rọ́bà náà yọ, tí omi gbígbóná dà sórí gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà tí iná ṣì wà lára rẹ̀. Ó ta pàrà, èéfín rú jáde, ojú kọ̀ǹpútà sì ṣókùnkùn.

Fúnṣọ́ ni wọ́n ránṣẹ́ pè, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tó fi kọ̀ǹpútà náà ta Tíṣà lọ́rẹ. Ó tú u wò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Iṣẹ́ Tíṣà wà nínú àpótí irin pẹlẹbẹ kan ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni omi dà sí. Ó ti jóná.

"Ẹ má bínú, sà," Fúnṣọ́ wí. "Mi ò mọ ẹni tó lè mú èyí jí ní orílẹ̀-èdè yìí."

Yéjídé káwọ́ lérí. Ìyá Abímbọ́lá, arúgbó tó múlé tì wọ́n, sọ ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ: "Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

"Òótọ́ ni, ìyá," Tíṣà dáhùn, ara rẹ̀ balẹ̀. "Agbè ò fọ́. Díísìkì méjì wà nínú dúrọ́ọ̀ tí a dà á kọ sí. Ohun tí a ṣe lónìí nìkan la ó tún ṣe. Ìmísí, kó wọn fún bùrọ̀dá Fúnṣọ́."

Fúnṣọ́ na ọwọ́. Ìmísí kò dìde. Ó rí ọwọ́ tó nà náà, ó rí ẹ̀rín kékeré tó wà lẹ́nu bàbá rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún.

"Bàbá, kò sí níbẹ̀. A fi gba géèmù. A ò sì dán an wò pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀. Irọ́ ni mo pa fún yín."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Ìmísí kò tilẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Tíṣà kò pariwo. Ìmísí ń retí kí ó pariwo, inú rẹ̀ ì bá sì dùn sí i.

"Kì í ṣe omi ló ba iṣẹ́ yìí jẹ́," Tíṣà wí. "Ká ní o sọ fún mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn pé ẹ ò dán an wò, ká ní o sọ ọ́ lọ́sàn-án yìí pàápàá, ǹ bá ti dúró de iná. Ṣé mo ti lé ẹ rí torí pé o sọ òtítọ́ fún mi?"

"Rárá, Bàbá."

"Ó dáa. Nínú gbogbo èyí tí o tẹ̀, èwo lo rántí? Máa sọ ọ́, kí á mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀."

Ìmísí nu ojú. "Patanmọ́," ó wí. "Ejìnrìn. Imí-eṣú. Akòko..." Ó dúró. Àwọn tí gbogbo ọmọdé àdúgbò mọ̀ ni. Ó wá inú ara rẹ̀ fún ẹyọ kan nínú àwọn yòókù, nínú gbogbo oṣù tó ti fi ìka tẹ̀ wọ́n, kò rí. Tíṣà gbé ojú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó kọjú sí fèrèsé. Ìgbà yẹn ni omijé bọ́ lójú tí kò ríran.

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, lórí bébà, pẹ̀lú bírò. Ìmísí kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun ṣe é. Á kọ ọ́, á kà á padà, á tún un pè lọ́kàn kí ó tó sùn. Adésọjí ń wá, á jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ Tíṣà, kò sì sọ̀rọ̀ géèmù mọ́. Ṣùgbọ́n ohùn Tíṣà kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, á gbàgbé rẹ̀ láàárín, á ní, "Ó wà níbí, ó wà níbí," á máa fi ìka gbá iwájú orí rẹ̀. Ìmísí bi í léèrè orúkọ ewé olódòdó àlùkò yẹn, kò wá sí i lẹ́nu mọ́. Ìmísí á ní kí ó má da ara rẹ̀ láàmú.

Ní ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, Ìmísí kúnlẹ̀ ó tún bẹ̀ ẹ́.

"Mo ti foríjì ẹ́ tipẹ́," Tíṣà wí, ó sì fọwọ́ wá orí rẹ̀ títí ó fi bà á. "Ìwọ ni ọmọ mi. Ṣùgbọ́n orúkọ tó ti lọ, mi ò lè fi ìdáríjì pè é padà."

Ó kú kí òjò ọdún náà tó dáwọ́ dúró. Ibi tí wọ́n bá iṣẹ́ dé kò tíì tó ìdajì, ewé ẹ̀bá odò ló sì yẹ kí ó kẹ́yìn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìmísí lọ fa omi nínú kànga ẹ̀yìnkùlé. Níbi tí omi korobá máa ń dà sí, ewé kan ti hù. Ó rí roboto. Ìmísí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yí i padà, ó rí irun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Òdòdó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là, àwọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ àlùkò. Ó já ẹyọ ewé kan, ó sáré gbé e tọ ìyá Abímbọ́lá lọ níwájú ilé rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, kí ni wọ́n ń pe èyí?"

Arúgbó náà gbà á, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó mi orí.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, ọmọ mi," ó wí. "Bàbá rẹ là bá bi."

Ìmísí gba ewé rẹ̀ padà. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń sunkún.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, Ìmísí kì í ṣe ọmọ burúkú, Adésọjí náà kì í ṣe ọmọ burúkú. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe dára. Ìdánwò kan ni wọ́n fò, wọ́n sì sọ pé àwọn ti ṣe é. Tí wọ́n bá bi yín bóyá ẹ ti dán nǹkan wò, tí ẹ kò bá tíì dán an wò, ẹ sọ pé ẹ kò tíì dán an wò. Ìtìjú ọ̀rọ̀ náà kì í ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ, ṣùgbọ́n àbámọ̀ tó gbẹ̀yìn irọ́ kò ní ọjọ́ tí ó ń tán. Ìmísí ti dàgbà báyìí. Bí ó bá ṣe ohun tuntun kan, tí ó sì kan àtidán an wò, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń dìde lọ síbi mítà lọ pa iná.